Bí ẹ ṣe lè dá ìrìn àjò ọkọ̀ kékeré dúró lágbedeméjì Odò Ọya, kí ẹ sì padà bá ọkọ̀ yín bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀

Èèyàn púpọ̀ ló lè wa ọkọ̀ kékeré láti ìsàlẹ̀ dáàmù Jẹ́bà títí dé Lọ́kọ́ja. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà ni ò pọ̀. Ìpè á ṣàdédé wọlé láti ilé: òkú kú ní Òmù-Àràn, ìyàwó bímọ ní Ìlọrin, Iléyá ku ọjọ́ mẹ́rin, tàbí owó epo ló tán. Ẹ ó sáré so ọkọ̀ mọ́ igi ní Pàtégì, ẹ ó bẹ ẹnì kan kó máa bá yín wò ó, ẹ ó sì wọ mọ́tò. Ẹ padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ̀ ti kún fómi, tàbí okùn ti já, tàbí ẹ́ńjìnì ò dáhùn, tàbí kùkùté ti lu abẹ́ ọkọ̀.

Tèmi rì. Ìparí oṣù keje ni mo so ó, mo sì fi okùn kúkúrú so imú rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí ẹ̀rù ń bà mí kí omi má gbé e lọ. Omi kún. Imú ọkọ̀ fẹ́ gbéra, okùn ò gbà fún un, omi gorí ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹni tí mo fi ọkọ̀ tì ṣe gbogbo ohun tí mo ní kó ṣe. Èmi ni mi ò sọ ohun tó yẹ fún un. Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n; ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Bí ẹ bá máa mú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ, ẹ mú èyí: omi ọjọ́ tí ẹ máa padà ni kí ẹ so ọkọ̀ mọ́, kì í ṣe omi ọjọ́ tí ẹ ń lọ.

Ọkọ̀ pákó tó gùn ní mítà 5 sí 7 ni mo ní lọ́kàn, èyí tó ní ẹ́ńjìnì kékeré lẹ́yìn àti ìgbòkun fún ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá dára. Ìdúró tí mò ń sọ lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè tó oṣù mẹ́rin.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Okùn ọ̀rá tó nípọn tó àtàǹpàkò, mítà 60 ó kéré tán. Ẹ má ra èyí tó ń léfòó tó ń dán bí ike. Oòrùn máa ń jẹ ẹ́ títí yóò fi máa já sọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ.
- Túùbù ọ̀kadà àlòkù mẹ́ta tàbí mẹ́rin.
- Ìdákọ̀ró kan tó ní ṣéènì tirẹ̀.
- Tapólì tó bo ọkọ̀ láti imú dé ìdí.
- Búlọ́ọ̀kù mẹ́jọ àti ìtì igi méjì tó le, tí ẹ bá máa gbé ọkọ̀ gun ilẹ̀.
- Kọ́kọ́rọ́ pọ́lọ́ọ̀gì, pọ́lọ́ọ̀gì tuntun kan, àti ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróòlù.
- Ṣéènì àti àgádágodo méjì.
- Ìwé kékeré, bírò, àti owó lọ́wọ́. Ẹ má gbọ́kàn lé pé ẹ máa rí nẹ́tíwọ̀kì fi owó ránṣẹ́ létí omi.

Ìpele 1: Ẹ pinnu nígbà tó ṣì ku ọjọ́ méjì

Iṣẹ́ tó wà níwájú yìí gba ọjọ́ kan àtààbọ̀ fún èèyàn méjì. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, tí mọ́tò tó kẹ́yìn sì máa lọ ní aago mẹ́rin, okùn nìkan ló máa rí so. Nígbà tí epo tàbí oúnjẹ bá ku ìdajì, tàbí tí ara ọ̀kan nínú yín kò bá yá, ẹ jókòó kí ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀: ibo la máa dúró, fún ọjọ́ mélòó, ta ló máa padà wá? Ẹ kọ ọjọ́ ìpadà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kún un nínú ìṣirò yín, nítorí ilé kì í tètè jọ̀wọ́ ẹni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n á tẹ ẹ́ mọ́ra, wọ́n á máa tukọ̀ lọ lálẹ́ kí wọ́n lè dé èbúté tó tóbi. Ẹ má ṣe é. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tó ń kó àwọn èèyàn bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dojú dé lóru nítòsí Pàtégì, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ. Èrò pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìtì igi abẹ́ omi ni wọ́n sì sọ pé ó kọ lù. Ìtì igi bẹ́ẹ̀ ṣì wà káàkiri, ojú ò sì lè rí wọn lóru.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ọjọ́ ìpadà wà nínú ìwé, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ sì fọwọ́ sí i.

Ìpele 2: Ẹ ka omi

Níbí ni iṣẹ́ wà. Odò Ọya láàárín Jẹ́bà àti Pàtégì kì í ṣe omi tó ń kún lẹ́ẹ̀kan tó sì ń fà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ohun mẹ́ta ló ń dà á láàmú.

Èkíní ni òjò ilẹ̀ wa. Láti oṣù keje ni omi ti máa ń gòkè, oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló sì sábà máa ń ga jù. Ẹni tó bá so ọkọ̀ ní oṣù keje tó fẹ́ padà ní oṣù kẹsàn-án, omi mìíràn pátápátá ló máa bá.

Ìkejì ni dáàmù. Kainji ti wà láti ọdún 1968, dáàmù Jẹ́bà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ń tan ẹ́ńjìnì iná tí wọ́n ń pa á, bẹ́ẹ̀ ni omi ìsàlẹ̀ ń lọ sókè sódò, kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí òjò ò rọ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tó wà lórí omi láàárọ̀ lè jókòó sórí iyanrìn lọ́sàn-án. Omi kan sì tún wà tó ń ti orí òkè Guinea bọ̀, tó ń gba Mali àti orílẹ̀-èdè Niger kọjá. Ó máa ń pẹ́ lọ́nà débi pé ìgbà ọyẹ́ ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Kainji máa ń gbà á sílé, ó sì máa ń tú u díẹ̀díẹ̀. Ẹ má rò pé nítorí oṣù kìíní ni, omi á kàn máa fà ni.

Ìkẹta ni Odò Kàdúná, tó wọ inú Ọya ní Múréjì, ní òdìkejì Pàtégì gan-an. Òjò tí ẹ kò rí, tó rọ̀ ní òkè lọ́hùn-ún, lè bá ọkọ̀ yín ní èbúté tí oòrùn ń ràn.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé dáàmù Lagdo ti Cameroon ló ń gbé omi wá bá Pàtégì. Orí Odò Bẹ́núé ni Lagdo wà, Lọ́kọ́ja sì ni Bẹ́núé ti ń pàdé Ọya. Bí ẹ bá dúró ní Lọ́kọ́ja tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gbọ́ ìròyìn Lagdo. Bí ó bá jẹ́ Pàtégì tàbí Láfíàgí ni, Kainji, Jẹ́bà àti Kàdúná ni kí ẹ gbọ́ tiwọn. NIHSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi odò, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ìkún omi jáde lọ́dọọdún. Ẹ wo ibi tí wọ́n dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ fẹ́ dúró sí.

Ohun tí ẹ máa ṣe létí omi kò le. Ẹ gún ọ̀pá sínú omi níbi tó dé ìbàdí, ẹ fi ọ̀bẹ gé àmì sí ojú omi. Ẹ wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́ àti láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ bá àgbàlagbà kan tó ń gbé létí omi, ẹ kí i dáadáa kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun, kí ẹ wá bi í pé: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo lomi dé ní 2022?" Ẹ má bi í bóyá omi máa ń kún níbí. Bẹ́ẹ̀ ni lásán lẹ máa rí gbà. Tí ẹ bá bèèrè ọdún ìkún omi ńlá kan pàtó, bíi 2022, á dìde, á fi ọwọ́ hàn yín lára ògiri.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ lè sọ iye tí omi lọ sókè sódò láàárín ọjọ́ kan, ẹ sì ti fojú ara yín rí àmì ibi tí ìkún omi ńlá dé.

Ìpele 3: Ẹ yan ibi

Ẹ fẹ́ ibi tí ìṣàn omi ò ti le, tí kì í ṣe ẹnu ọ̀nà àwọn ọkọ̀ èrò, tí èèyàn sì ń gbé nítòsí. Apá odò tó ya wọ inú ilẹ̀, lẹ́yìn abúlé, ló dára jù. Òkìtì iyanrìn àárín odò kì í ṣe ibi ìdúró rárá, bó ti wù kó mọ́ tó.

Ẹ wo ìhà ìlà oòrùn. Ìjì tó ń ṣíwájú òjò ní oṣù kẹrin sí ìkárùn-ún, àti èyí tó ń dé nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, láti ìlà oòrùn ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ wá. Ẹ jẹ́ kí bèbè gíga tàbí igbó wà láàárín ọkọ̀ àti ìhà náà. Àmọ́ ẹ má so ó sábẹ́ igi ńlá tí omi ti ń họ ilẹ̀ ìdí rẹ̀. Ìjì kan ṣoṣo ló máa gbé e ṣubú lé ọkọ̀ lórí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ju ewé sínú omi níbẹ̀. Bí ẹ bá rìn pẹ̀lẹ́ létí bèbè tí ewé náà sì ṣáájú yín, ìṣàn ti le jù.

Ìpele 4: Ẹni tí yóò máa bá yín wò ó

Àwa tí a ti Ìlọrin tàbí Ìgbómìnà lọ, àlejò ni wá létí Ọya. Àwọn Tápà ló ni omi náà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ju bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n láéláé. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí olórí àwọn olódò ní èbúté náà, kí ẹ tó bá ọmọkùnrin kankan dá owó. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ ti fún ọmọ rẹ̀ lówó, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yín ti di ti ọmọ náà nìkan. Tó bá sì jẹ́ ojú rẹ̀ lẹ ti ṣe é, gbogbo èbúté ló ń ṣọ́ ọ. Bí ẹ kò bá gbọ́ Tápà, ẹ mú ẹni tó gbọ́ ọ dání. Èmi máa ń mú ẹni tó wá láti Ṣàárẹ́, níbi tí Yorùbá àti Tápà ti ń bá ara wọn ná ọjà.

Ẹ má sọ pé "Ẹ bá mi máa wò ó." Kò sí iṣẹ́ nínú gbólóhùn yẹn. Ẹ sọ ohun tí ọwọ́ máa ṣe:

Lọ́jọ́ kẹta-kẹta, ẹ fọwọ́ kan okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó so ọkọ̀ (ẹ wo Ìpele 6). Lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ́n omi inú ọkọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bí omi bá gòkè tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹ tú okùn etí ilẹ̀ sí i. Bó bá fà tó bẹ́ẹ̀, ẹ ti ọkọ̀ sí ìhà odò. Bí koríko tó ń léfòó bá kó jọ sí okùn, ẹ ká a kúrò, nítorí ẹrù rẹ̀ ló ń já okùn. Ẹ ya fọ́tò kan ránṣẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́.

Lórí owó: ẹ san ti oṣù àkọ́kọ́, kí ẹ máa fi ìyókù ránṣẹ́ lóṣooṣù, kí ẹ sì ya owó kan sọ́tọ̀ tí ẹ máa fún un lọ́jọ́ tí ẹ bá padà tí ọkọ̀ wà ní pípé. Mo ti rí ẹni tó san gbogbo owó oṣù mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó gbowó ti lọ sí oko kí oṣù kejì tó pé, mi ò sì lè bá a wí, nítorí oko ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ jẹ́ kí ẹni náà fúnra rẹ̀ tú okùn kan kó tún un so níwájú yín, kó sì gbọ́n omi díẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ìpele 5: Ẹ́ńjìnì

Bẹntiróòlù tó ti pò mọ́ ọ́ìlì kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Láàárín oṣù kan sí méjì, ó ti ń di nǹkan tó ń lẹ̀ bí oje nínú kábúrétọ̀, ihò tóóró tó wà níbẹ̀ á sì dí. Ohun tó ń fa "ẹ́ńjìnì ò dáhùn" nìyẹn, kì í sábà jẹ́ ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì wà nínú omi, ẹ tan án, kí ẹ yọ ọ̀pá epo lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí tó fi máa kú fúnra rẹ̀. Epo kábúrétọ̀ ti tán nìyẹn. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì bí ìdérí ìgò kan sínú ihò rẹ̀, ẹ fa okùn ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ dá pọ́lọ́ọ̀gì padà. Ẹ gbé e dúró ní òòró kí omi inú rẹ̀ ṣàn jáde tán.

Ẹ má tan ẹ́ńjìnì náà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Omi odò ló ń tù ú. Rọ́bà tó ń fa omi náà máa ń jóná kíákíá. Bó bá pọn dandan kí ẹ tan án nílé, ẹ ti ìdí rẹ̀ bọ inú dúrọ́ọ̀mù tó kún fómi.

Ẹ tú ìdè tó wà nísàlẹ̀ níbi tí ọ́ìlì gíà wà, ẹ wo àwọ̀ ọ́ìlì tó bá kán jáde. Bó bá funfun bí ògì, omi ti wọ ibẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fi sílẹ̀. Oṣù méjì pẹ̀lú omi nínú gíà ti tó láti bà á jẹ́. Ẹ yọ abẹ̀bẹ̀ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ máa bá okùn ìpẹja tó ti wé mọ́ ọn lẹ́yìn. Okùn yẹn ló ń gé rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé ẹ́ńjìnì náà lọ sílé. Bí kò bá ṣeé ṣe, ilé olórí olódò ni kó wà, kì í ṣe ara ọkọ̀, bó ti wù kí ṣéènì nípọn tó. Ẹ ta epo tó kù tàbí kí ẹ fi ta ẹni tó ń ṣọ́ ọkọ̀ lọ́rẹ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fa okùn ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá wúkọ́ díẹ̀ bí ẹni fẹ́ tàn, epo ṣì kù nínú rẹ̀.

Ìpele 6: Orí omi ni, àbí orí ilẹ̀?

Èrò mi kò yí padà lórí èyí: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òpin orí omi. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé ọkọ̀ gun ilẹ̀.

*Lórí omi.* Okùn mẹ́rin: méjì ní imú, méjì ní ìdí. Èyí tó lọ sí etí ilẹ̀ kí ó gùn tó mítà 10 ó kéré tán, kí ẹ so ó mọ́ ìdí igi tó wà lókè bèbè, kì í ṣe èyí tó wà létí omi. Ẹ ju ìdákọ̀ró sí ìhà odò láti ìdí ọkọ̀, kó lè máa fà á kúrò létí bèbè nígbà tí omi bá ń fà. Níbi tí okùn bá ti ń fi ara ra igi tàbí etí ọkọ̀, ẹ gé túùbù ọ̀kadà, ẹ wé e mọ́ ọn. Okùn kì í já láàárín. Ibi tí nǹkan ti ń họ ọ́ ló ti ń já.

Níbi tí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ lè ri òpó méjì tó ga ju àmì 2022 lọ, kí ẹ fi túùbù ṣe òrùka tí kò fún mọ́ òpó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá so ọkọ̀ mọ́ òrùka náà. Bí omi bá gòkè, òrùka á gòkè. Bó bá fà, á sọ̀kalẹ̀. Ká ní mo mọ èyí ní oṣù keje ọjọ́sí, ọkọ̀ mi kì bá tí rì.

Ẹ ta tapólì bí òrùlé ilé, kó ní ẹ̀yìn gíga láàárín, kí òjò lè ṣàn dànù. Tapólì tó tẹ́ pẹrẹsẹ á gba omi sára, á wó sínú ọkọ̀.

*Lórí ilẹ̀.* Ẹ wá èèyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ fi ìtì ọ̀pẹ yí i gòkè kọjá àmì ìkún omi ńlá. Ẹ to búlọ́ọ̀kù, ẹ gbé ìtì igi méjì lé e, ẹ da ojú ọkọ̀ délẹ̀ lórí wọn, kó ga tó orúnkún sílẹ̀. Ìdí tí mo fi ní búlọ́ọ̀kù ni ikán. Ikán kò lè jẹ búlọ́ọ̀kù, ó ní láti fi amọ̀ mọ ọ̀nà sí ara rẹ̀ lóde kó tó dé ibi igi, ojú sì lè rí ọ̀nà yẹn. Kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ máa họ ọ́ kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọkọ̀ tó fi ara kan ilẹ̀ tààrà, ìkarahun lásán lẹ lè bá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ọyẹ́ ni ewu kejì. Pákó máa ń gbẹ, á súnkì, àlàfo á sì là láàárín rẹ̀. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó nípọn, kí wọ́n máa wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí ẹ kò bá lè dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ yọ ohun tí ẹ fi dí ihò tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ kí omi òjò lè jáde, kí ẹ sì fi okùn so ohun náà mọ́ ibi tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnì kọ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ ò ní gbàgbé láti dá a padà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lórí omi, ẹ ti ọkọ̀ sọ́tùn-ún, ẹ fà á sósì. Kò gbọdọ̀ kan bèbè tàbí kùkùté, kò sì gbọdọ̀ sí okùn tó le gan-gan. Lórí ilẹ̀, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ wò yíká: imọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn láàárín igi ọkọ̀ àti ilẹ̀ níbi gbogbo.

Ìpele 7: Ẹrù

Ìgbòkun, ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ dé inú ojú rírán, ẹ gbé e lọ sílé. Eku fẹ́ràn aṣọ bẹ́ẹ̀ ju àpò àgbàdo lọ. Bátìrì, ẹ kọ́kọ́ tú wáyà òdì rẹ̀, ẹ gbé e lọ, ẹ máa gbé e sẹ́nu iná lóṣooṣù. Ẹ̀wù ìléfòó, àjẹ̀, ìkòkò àti fìtílà, ẹ kà wọ́n, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò wọn níwájú ẹni tí ẹ fi wọ́n tì.

Ìpele 8: Ọ̀nà ilé, àti ara yín

Láti Pàtégì, ẹ ó gba Láfíàgí àti Ṣàárẹ́ já sí Ìlọrin. Láti Jẹ́bà, Bódè Sáàdù ni, nǹkan bí 100 kìlómítà. Ìlú ò fararọ. Ẹ fóònù béèrè bí ọ̀nà ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa lọ, kí ẹ sì dé ilé kí oòrùn tó wọ̀.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í ṣe nílé ni wọ́n fi ń ṣàìsàn lẹ́yìn ọ̀nà. Ẹni tó ti ń wọ inú omi odò láti ọjọ́ pípẹ́ lè ti kó ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, tí ìgbín kéékèèké inú omi ń gbé. Kì í fara hàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí ẹ ti kúrò nínú omi. Bó bá wà níbẹ̀, oògùn rẹ̀ wà, dókítà á sọ iye tó yẹ yín. Bí ibà bá mú yín láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nílé, ẹ má sọ pé àárẹ̀ ọ̀nà ni. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ìpele 9: Ìpadà

Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Ẹni tó dé láàárọ̀ tó fẹ́ tukọ̀ lọ́sàn-án ló ń rì ní ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ kìíní, ẹ kí olórí olódò, ẹ san owó tí ẹ yà sọ́tọ̀, ẹ wá ti ọkọ̀ sínú omi tó dé orúnkún. Ọkọ̀ pákó tó ti gbẹ máa jò. Ẹ jẹ́ kó jò, kí ẹ fi òkúta mú un dúró, kó sùn nínú omi. Pákó á mu omi, á wú, àlàfo á pa dé. Ìkánjú ló ń mú kí àwọn kan rọ sìmẹ́ǹtì tàbí ọ̀dà líle sínú àlàfo nígbà tí pákó ṣì gbẹ. Bí pákó bá wú tán, á ti nǹkan náà jáde, ó sì lè fa ìṣó tu. Òwú tó rọ̀ nìkan ni kí ẹ fi dí i ní ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kejì, ẹ gbọ́n omi tán, ẹ gbé ẹ́ńjìnì kọ́, ẹ fi pọ́lọ́ọ̀gì tuntun sí i. Ẹ po epo tuntun: ní ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì irú èyí, ọ́ìlì ìdajì lítà ni fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25, àmọ́ ìwé ẹ́ńjìnì yín ni aṣáájú. Èéfín máa pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ nítorí ọ́ìlì tí ẹ kán sí i. Ẹ má fòyà. Ẹ wo ihò kékeré tí omi ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì. Bí omi ò bá tú jáde láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ pa á.

Ọjọ́ kẹta, ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó, ẹ lọ ní wákàtí kan, ẹ padà. Omi tó kún tó fà ti ṣí òkìtì iyanrìn nípò, ọ̀nà tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Ẹ gba ọmọ olódò kan tó mọ ibi tí omi jìn báyìí, kó bá yín lọ títí dé abúlé tó kàn, kó wá wọ ọkọ̀ èrò padà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ da ẹrù gbogbo sínú ọkọ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ lórí omi láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí. Bí omi tó wọlé bá ju ohun tí igbá kan lè gbọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹ dúró ní ọjọ́ kan sí i. Bó bá dín sí ìyẹn, ẹ tú okùn.